Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fáfúnwá: Ẹni Tí Ó Fi Èdè Yorùbá Kọ́ Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́ Ní Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì

   Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ìtàn ìgbésí ayé ẹni pàtàkì kan ni a tún gbé wá fún yín nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún yìí, kí àwọn ọmọ lè rí àwòkọ́ṣe, kí àwa àgbà náà sì lè rí àròjinlẹ̀.

Ó ti mọ́ wa lára láti máa mú ìtàn àwọn alfa ńláńlá wá. Lọ́dún yìí, a mú ọmọ Mùsùlùmí kan tí kì í ṣe alfa, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ń kọ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ ní ilé-kéwú, ì báà jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹni náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fáfúnwá. Kò jìnnà sí wa rárá, nítorí inú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní kéwú, ọmọ kan gbé agolo wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kan ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Yanrìn ni ó wà nínú agolo náà, kúlúsọ sì wà nínú yanrìn, kòkòrò kékeré tí ń gbẹ́ kòtò roboto sí abẹ́ òrùlé, tí ó sì ń fẹ̀yìn rìn. Ọmọ náà fẹ́ mọ ìdí tí kòkòrò náà fi ń fẹ̀yìn rìn. Àwa kò mọ̀ ọ́n. Dípò kí a sọ pé a kò mọ̀, a da agolo náà nù, a sì nà án ní pàṣán mẹ́ta pé ó fi eré wọ ibi ìmọ̀. Ọmọ náà kò sunkún púpọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí tí ó fi parí kéwú, kò bi wá léèrè ohunkóhun mọ́. Ohun tí a bá kọ sí wàláà rẹ̀ ni yóò há sórí, yóò kà á fún wa, yóò sì jókòó. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé pàṣán yẹn, ẹnu ọmọ náà ni ó pa dé. Nígbà tí a ka ìtàn Fáfúnwá ni ó wá yé wa.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1923, ni wọ́n bí Fáfúnwá ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, kí àwọn ọmọ Mùsùlùmí lè rí ilé-ìwé lọ láìsí ìbẹ̀rù pé wọn yóò sọ ẹ̀sìn wọn nù. Àwọn tí ó dàgbà láàárín wa mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le nígbà náà. Àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ni wọ́n ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Bàbá mìíràn a sì fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sí kéwú nìkan, kí ó má baà padà wálé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Bàbá mìíràn a mú ọmọ lọ, a sì máa fi àdúà tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Láàárín ìbẹ̀rù méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ìgbà náà ti dàgbà.

Fáfúnwá lọ sí CMS Grammar School ní Èkó láti 1937 títí di 1943. Ilé-ìwé ìjọ ni, ó sì wà lára èyí tí ó lókìkí jù lọ. Ó kàwé níbẹ̀, ó mọ̀wé, kò sì sọ Aliu nù. Lẹ́yìn náà ni ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó wọ Bethune-Cookman College ní ìpínlẹ̀ Florida.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ilé-ìwé yìí, nítorí ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú rẹ̀ fún àwa tí a ń kígbe pé a kò ní irinṣẹ́. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Mary McLeod Bethune, tí àwọn òbí rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1904. Ọmọbìnrin márùn-ún àti dọ́là kan ààbọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àpótí ọjà ni wọ́n fi ṣe tábìlì, igi tí iná jó dúdú ni wọ́n fi ṣe pẹ́ńsù, omi èso igi ni wọ́n sì fi ṣe yíǹkì. Àwa ọmọ kéwú mọ èyí dáadáa, nítorí pé bí àwọn alfa wa ti ṣe ń po tàdáwà náà nìyẹn, tí wọ́n sì fi ń kọ wàláà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Irú ibi tí ọwọ́ òfìfo ti kọ́ ilé ìmọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ni Fáfúnwá ti gba oyè rẹ̀ àkọ́kọ́.

Láti ibẹ̀, ó lọ sí New York University, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní 1955. Wọ́n kà á sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ olùkọ́ni. Nígbà náà, bí ọmọ Yorùbá bá rí ọ̀nà lọ sí òkè òkun, lọ́yà tàbí dókítà ni ẹbí ń retí kí ó dà. Iṣẹ́ tíṣà kì í ṣe ohun tí ẹni ń tìtorí rẹ̀ la òkun kọjá. Fáfúnwá yàn án bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó padà sílé, ó bá wọn kọ́ni ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, èyí tí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1960. Nígbà tí rògbòdìyàn bo orílẹ̀-èdè wa ní àárín àwọn ọdún 1960, ó wá sí Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987. Níbẹ̀ ni ó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àyíká rẹ̀ dáadáa, ohun tí ó sì rí bà á nínú jẹ́.

Kí ni ó rí? Ó rí ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ti gbọ́n tó nílé. Ó mọ orúkọ ewé, ó mọ ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀, ó lè ka ọmọ ayò láìṣì í kà, ó lè ra epo kí ó sì gba ṣéńjì bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá ti wọ kíláàsì, yóò di odi, nítorí pé èdè tí kò gbọ́ ni wọn yóò máa fi bá a sọ̀rọ̀. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò gbọ́ èdè náà dé ìsàlẹ̀. Yorùbá díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní lè lọ síwájú, ibẹ̀ ni ìwé wọn yóò parí sí. Ọmọ náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè fi Yorùbá kọ lẹ́tà tó gún, kò sì fẹ́ padà sí oko bàbá rẹ̀ mọ́. Fáfúnwá gbà pé kì í ṣe orí ọmọ ni kò pé. Ó ní ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ ni kò tọ́.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan onímọ̀ èdè wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà fọwọ́ sí i, àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí wọ́n ti ṣe é nìyí. Wọ́n ya àwọn kíláàsì kan sọ́tọ̀ tí wọn yóò fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọn yóò máa kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n tún ya kíláàsì mìíràn sọ́tọ̀ fún ìfiwéra, èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tí ó kù, bí àṣà ibi gbogbo.

Iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n tún ìlànà wọn ṣe, tí wọ́n sì kọ ìwé fún: Yorùbá, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ àti àṣà, àti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú márùn-ún yìí, sáyẹ́ǹsì ni ẹnu yà àwọn ènìyàn sí jù. Wọ́n ní ta ni yóò gbọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá? Ṣé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará wa, ẹ wò ó dáadáa. Ìrúgbìn tí ń hù, omi tí ń gbẹ lára aṣọ, òòfà tí ń fa irin, ẹ̀yìn ọ̀sán tí òjìji ń gùn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ń retí Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, tí ó lè fi ojú rí, tí ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, òun ni ó ń wọ inú rẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ ní èdè tí kò yé e, yóò kàn há a sórí bí ayékòótọ́ ni.

Kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti ń lọ nígbà náà. Láti àárín àwọn ọdún 1960, ètò sáyẹ́ǹsì kan fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Áfíríkà ti ń kó àwọn olùkọ́ jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń kọ ìwé ìlànà tí olùkọ́ yóò fi máa lo ohun tí ó wà ní àyíká: ìrúgbìn, ẹ̀fọn, omi, iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà dá lórí kúlúsọ látòkèdélẹ̀, ojú tì wá. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó kọ ìwé lé lórí, òun ni a fi pàṣán lé jáde ní kíláàsì wa.

Ọ̀nà náà kò rọgbọ fún Fáfúnwá o. Àwọn òbí kan bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ àwọn dán nǹkan wò. Wọ́n ní àwọn ọlọ́rọ̀ ń fi ọmọ tiwọn kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wá ń fi Yorùbá dá ọmọ tálákà dúró sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wọ ilé-ìwé gíga. Ìdáhùn Fáfúnwá kò jẹ́ àríyànjiyàn. Kò sọ pé kí ọmọ má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kódà ó wá olùkọ́ tí ó dáńtọ́ fún un. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú sùúrù fún ọdún mẹ́fà, ó sì jẹ́ kí ìdánwò sọ̀rọ̀.

Ìdánwò náà sì sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ parí ní 1975. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ta yọ nínú àwọn iṣẹ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kí ó tó di ìgbà náà ni wọ́n ti mú ètò náà dé àwọn ilé-ìwé mìíràn. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí ibi tí a ti ń jíròrò lórí èdè abínibí nínú ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà tí wọn kì í ti dárúkọ iṣẹ́ Ifẹ̀. Ní 1989 ni ìwé tí ó ròyìn gbogbo rẹ̀ jáde, èyí tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì jọ ṣe olóòtú rẹ̀.

Ṣáájú èyí, ní 1974, Fáfúnwá ti kọ ìwé ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ń kà káàkiri. Ohun méjì nínú ìwé náà yẹ kí ó wú wa lórí. Èkíní ni pé kò bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ẹ̀kọ́ ilé àwọn baba wa ni ó kọ́kọ́ tò, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, lẹ́yìn náà ni ó tó kan ti àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ náà ni ó kọ ọ́, nítorí ilé-kéwú ti wà nílẹ̀ wa kí ilé-ìwé òyìnbó tó dé. Èkejì ni pé ó ka ète méje tí ẹ̀kọ́ àwọn baba wa dúró lé: kí ara ọmọ le kí ó sì já fáfá, kí ó ní ìwà, kí ó máa bọ̀wọ̀ fún àgbà àti aláṣẹ, kí ọpọlọ rẹ̀ jí, kí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kí ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ òótọ́, kí ó mọ̀ pé òun jẹ́ ara ẹbí àti ìlú, kí ó sì mọyì àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a fi ọwọ́ ṣe ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kì í ka ìwé nípa iṣu, ó ń bá bàbá rẹ̀ kọ ebè ni, ó sì ń mọ ìgbà tí a ń gbìn àti ìgbà tí a ń wà.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní 1977 sọ pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kà á mọ́ àwọn tí ó ro ètò 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ètò tí ó fẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ bí ó ti ń fi orí kàwé. Láti 1990 sí 1992, òun fúnra rẹ̀ ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Àárín ìgbà náà, ní oṣù Kẹjọ 1991, ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa sílẹ̀. Ọmọ kéwú ni àwa jẹ́ nígbà náà, a ń gbé wàláà kiri, a kò mọ̀ pé ọkùnrin kan wà lókè tí ń rò nípa irú wa.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn tí a kò bá fi ṣe nǹkan, àlọ́ lásán ni. Lẹ́yìn tí a ka iṣẹ́ Fáfúnwá, a gbìyànjú láti mú díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ ilé-kéwú wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó. A kò ní owó, a kò sì ní ilé ìwádìí. Ojú ọjọ́ tí Ọlọ́hun ń yí padà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni a sọ di ìwé.

Nígbà òjò, a gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba sí àárín àgbàlá, níbi tí igi tàbí òrùlé kò bò. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan yóò fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì dà á nù. Kí ọdún tó yí po, àwọn fúnra wọn ni yóò fi òǹkà hàn wá pé òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. A fi ẹ̀wà àti àgbàdo sínú òwú tútù nínú ìgò, àwọn ọmọ sì rí i pé bí ó ti wù kí a dojú irúgbìn dé, gbòǹgbò a wá ìsàlẹ̀ lọ, ọ̀mùnú a sì wá òkè. Wọ́n rí i pé ewé méjì ni ẹ̀wà fi ń jí, ọ̀kan ṣoṣo ni àgbàdo fi ń yọ. Wọ́n wo ikán abìyẹ́ tí ń dà bo gílóòbù lẹ́yìn òjò, wọ́n sì béèrè ibi tí ìyẹ́ rẹ̀ ń lọ ní òwúrọ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kúlúsọ padà sí kíláàsì wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ mọ̀ nísinsìnyí pé kòtò yẹn, pàkúté ni, pé èèrà tí ó bá yọ̀ sínú rẹ̀ ti di oúnjẹ, àti pé kúlúsọ kò ní wà bẹ́ẹ̀ títí, yóò hu ìyẹ́, yóò sì fò bí lámilámi. Nígbà ọyẹ́, a sá aṣọ méjì tí ó dọ́gba, a sì fi iye wákàtí tí wọ́n fi gbẹ wé ti ìgbà òjò. A gbé ife omi dídì kalẹ̀, omi kò fi bẹ́ẹ̀ làágùn lára ife náà bí ó ti ń ṣe ní oṣù Kẹfà, ìgbà náà ni wọ́n mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò ní omi púpọ̀ nínú.

Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ọ̀pá òjìji. A ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ tí ó gùn tó 100 sẹ̀ǹtímítà lókè ilẹ̀. Lójoojúmọ́, láàárín aago méjìlá ààbọ̀ sí aago kan ọ̀sán, àwọn ọmọ ń wá ìgbà tí òjìji kúrú jù lọ. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn padà, àkókò ìrun Àìlá ti wọlé. Ní ìparí oṣù Kejìlá, òjìji náà tó bí 60 sẹ̀ǹtímítà, ó sì na ọwọ́ sí àríwá. Ní oṣù Kẹfà, ó tó bí 28, ó sì kọjú sí gúúsù. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, òjìji fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, oòrùn wà ní àtàrí gangan. Tí a bá fi gígùn ọ̀pá náà kún òjìji ọ̀sán, a ti rí òjìji ìgbà tí Àlàásárì wọlé: ní oṣù Kejìlá ó jẹ́ bí 160 sẹ̀ǹtímítà, ní ìgbà tí oòrùn wà ní àtàrí ó jẹ́ 100. Ohun tí àwa fúnra wa ti há sórí nínú ìwé fíkíhì láti kékeré, orí ilẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ yẹn ni a ti kọ́kọ́ fi ojú rí i.

Láti orí ọ̀pá ni a ti dé orí oṣù. Àwọn ọmọ ka ọjọ́ oṣù láti ìlé sí ìlé, wọ́n rí 29, wọ́n rí 30, kò sí 31. Wọ́n ròpọ̀, wọ́n rí i pé ọdún Hijira fi bí ọjọ́ 11 kúrú ju ti oòrùn lọ, ìdí nìyẹn tí Ràmàdáánì fi ń rìn láti inú ọyẹ́ bọ́ sínú òjò, tí yóò sì gbà tó ọdún 33 kí ó tó yí po. Ní 1991, oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2024, oṣù Kẹta náà ni. Ọmọbìnrin kan ṣírò pé òun yóò ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí irú rẹ̀ bá tún dé. Inú wa dùn, nítorí kò sí ẹni tí ó rán an.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ni Fáfúnwá jáde láyé ní Abuja, lẹ́ni ọdún 87. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí tí ó ti lọ, ṣùgbọ́n ìjà tí ó jà kò tíì parí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí Modákẹ́kẹ́ ti ṣe ní ọdún 52 ṣáájú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé ìlànà náà, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Ọ̀rọ̀ ìjọba kọ́ ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, a kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwa ilé-kéwú ní àyè tí ilé-ìwé ìjọba kò ní. Kò sí ẹni tí ó dí wa lọ́wọ́ kí a fi Yorùbá túmọ̀ ohun tí a ń kọ́ ọmọ. Láti ìgbà àwọn alfa àkọ́kọ́ ni a ti ń ka Lárúbáwá tí a sì ń fi Yorùbá tú u. Bí a bá lè tú fíkíhì àti náhàwù fún ọmọ, kí ló dé tí a kò lè tú òjò, ọyẹ́ àti òjìji fún un?

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé àkókò kéwú kò tó, pé ọmọ kò tíì há Kùránì sórí tán, a wá ń kó kòkòrò wọ kíláàsì. A gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, a sì mọ̀ pé òótọ́ ni pé àkókò kò tó. Kì í ṣe pé kí hífísì dínkù ni a ń wí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni a fi ń ṣe èyí, hífísì wa kò sì dínkù. Ohun tí ó yí padà ni pé àwọn ọmọ tí ń bèèrè nípa òjìji ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè nípa ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń há sórí. Nígbà mìíràn a mọ ìdáhùn, nígbà mìíràn a kò mọ̀ ọ́n. A ti kọ́ láti sọ pé a kò mọ̀, kí a sì jọ lọ wá a.

Ní ti ọmọ tí a nà nítorí kúlúsọ, ó ti di bàbá ọmọ báyìí, ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wa. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbàgbé. Àwa kò gbàgbé, ìdí sì nìyẹn tí a fi kọ èyí. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ọmọ bá gbé agolo wá bá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun forí jin Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fáfúnwá, kí Ó fi àlùjánnà ṣe ibùgbé rẹ̀. Kí Ó bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fi ìmọ̀ tí ń ṣe ènìyàn láǹfààní kẹ́ àwa àti àwọn. Àmín.